Ẹni Ọ̀rọ̀ Kàn Ni Kó Polówó Fíìmù

Òfin kan wà lẹ́nu àwọn tó ń ṣe fíìmù lóde òní tí wọn kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni yẹ̀ wò: nínú trailer, ìyẹn ìpolówó tí a máa ń wò kí fíìmù fúnra rẹ̀ tó jáde, ẹ̀dá ìtàn kankan kò gbọdọ̀ máa sọ̀rọ̀ lẹ́yìn àwòrán. Ẹ to àwòrán jọ, ẹ lu ìlù sí i, ẹ jẹ́ kí òṣèré méjì pariwo mọ́ra wọn, ó ti tó. Bí ẹnì kan bá wá dábàá pé kí ìyàwó ilé tí ìtàn dá lé lórí máa fẹnu ara rẹ̀ bá wa sọ̀rọ̀ bí àwòrán ti ń lọ, wọ́n á ní ará àtijọ́ ni. Wọ́n á ní iṣẹ́ ọ̀lẹ ni, pé ẹni tí kò mọ àwòrán yà ló ń fi ẹnu dí i. Wọ́n á fi parí rẹ̀ pé ojú ló ni sinimá, etí kò ni ín.

Irọ́ ni. Nínú gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe ìpolówó fíìmù, kò sí èyí tó tó ohùn ẹ̀dá ìtàn, pàápàá jù lọ fún fíìmù Yorùbá. Òfin tí wọ́n ń tẹ̀lé yìí gan-an ló sọ ìpolówó fíìmù wa di ariwo tí ọ̀kan kò yàtọ̀ sí èkejì.

Ẹ ṣí YouTube, kí ẹ wo ìpolówó fíìmù Yorùbá mẹ́ta tẹ̀léra. Ìlù á kọ́kọ́ dún gbàmù. Obìnrin kan á máa sunkún lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọkùnrin kan á gbá ẹlòmíràn létí. Ìyá ọkọ á na ìka sí ìyàwó lójú, á ní kó kúrò nílé ọmọ òun. Gèètì á ṣí, ọkọ̀ bọ̀gìnnì á wọlé. Babaláwo á da ọ̀pẹ̀lẹ̀ sílẹ̀, èéfín á bo gbogbo ibẹ̀. Ìlù á tún dún gbàmù. Ẹnì kan á figbe ta, orúkọ fíìmù á sì jáde láàárín iná àti ààrá. Ní ìṣẹ́jú méjì péré, ẹ ti rí ẹni tó jalè, ẹni tó lóyún, ẹni tó kú àti ibi tí wọ́n sin ín sí. Síbẹ̀, kò sí ẹnì kan nínú wọn tí ẹ mọ̀. Bí wọ́n bá yọ ẹkún inú ti àkọ́kọ́, tí wọ́n fi sínú ẹ̀kẹta, ta ni yóò fura?

Ẹ̀kọ́ tí wọ́n gbé òfin yìí kà ni pé kí ẹni tó ń ṣe fíìmù máa fi nǹkan hàn dípò kó máa sọ ọ́. Ẹ̀kọ́ gidi ni, fún fíìmù. Nínú fíìmù oníwákàtí méjì, olùdarí ní àyè. Ó lè jẹ́ kí a rí obìnrin kan tó bu oúnjẹ fún ọkọ rẹ̀, tó gbé e síwájú rẹ̀, tó sì dúró tì í. Ọkùnrin náà kò wojú rẹ̀. Ó rọra ti àwo náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó mú fóònù rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò la ẹnu, gbogbo wa sì ti mọ̀ pé ilé ti dàrú, nítorí pé a ti bá wọn jókòó nígbà tí àwọn méjèèjì ṣì ń jẹun nínú àwo kan náà. Ẹ wá gé ìran yẹn, kó di ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta nínú ìpolówó. Kí ló kù níbẹ̀? Ọkùnrin kan tí kò jẹun. Ó lè jẹ́ pé inú ló ń run ún.

Ohun tí àwọn olófin yìí kò rò nìyẹn. Gbogbo àwòrán inú ìpolówó ló ti kúrò níbi tí ìtumọ̀ rẹ̀ wà, nǹkan kan sì gbọ́dọ̀ bá wa gbé ìtumọ̀ náà tẹ̀lé e. Ìlù tí wọ́n ń lù níbẹ̀ kò lè ṣe é, nítorí kò mọ̀ ju kó máa sọ pé aburú ń bọ̀. (Ìlù tó mọ ọ̀rọ̀ sọ wà nílẹ̀ wa, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni wọ́n ń wà jáde láti orí íntánẹ́ẹ̀tì.) Ẹ fi ohùn obìnrin yẹn sórí àwòrán kan náà, kó máa sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé: "Èmi ni mo bá ọkọ mi lọ tọrọ ọmọ yẹn. Èmi náà ni mo yan aṣọ tó wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó." Gbólóhùn méjì péré. A ti mọ̀ pé ìyálé ni, pé òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ mú ìyàwó wọlé, pé nǹkan ti bàjẹ́. Ohun tó bà á jẹ́ gan-an, kò sọ ọ́. Ẹni tó bá gbọ́ ọ kò ní sùn kó tó wá fíìmù náà lọ.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé àsọdùn ni mò ń sọ, kó lọ wo ohun tí ilé iṣẹ́ Warner Bros. ṣe ní oṣù Keje ọdún 2012. Fíìmù Man of Steel, tí Zack Snyder darí, ń bọ̀ lọ́dún 2013, wọ́n sì gbé ìpolówó kékeré kan jáde láti fi ta àwọn òǹwòran lólobó. Ọ̀nà méjì ni wọ́n gbà gbé e jáde. Àwòrán inú méjèèjì kò yàtọ̀: òkun, ọkùnrin onírùngbọ̀n kan nínú ọkọ̀ apẹja, ọkùnrin tó ń wá ẹni tí yóò gbé e lójú títì, ọmọdékùnrin kan tó so aṣọ pupa mọ́ ọrùn tó sì fọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí, níkẹyìn, ohun kan là sánmà kọjá. Orin kan náà ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ohùn nìkan ni wọ́n pààrọ̀. Nínú ọ̀kan, Russell Crowe ló ń sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bíi Jor-El, bàbá tó bí ọmọ náà ní ayé mìíràn. Nínú èkejì, Kevin Costner ni, gẹ́gẹ́ bíi Jonathan Kent, àgbẹ̀ tó tọ́ ọ dàgbà ní Kansas.

Mo wo méjèèjì títí, ohun tó sì yà mí lẹ́nu ni ọmọdékùnrin aláṣọ pupa yẹn. Bí bàbá tó bí i ti ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn èèyàn tí yóò máa sá tẹ̀lé e, tí wọn yóò ṣubú, tí wọn yóò sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ níkẹyìn, ojú ọmọ ọba tí wọ́n rán wá síta ni mo fi ń wò ó. Ọwọ́ tó fi lé ìbàdí yẹn, ọwọ́ àṣẹ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá tó tọ́ ọ ń sọ fún un pé òun fúnra rẹ̀ ni yóò yan irú ọkùnrin tó fẹ́ dà, ọmọ kékeré kan tó ń ṣeré nínú àgbàlá ni mo rí, àyà bàbá rẹ̀ sì ń já nítorí rẹ̀. Àwòrán kan náà ni o. Olùdarí kò yí iná padà, òṣèré kò yí ojú padà. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nìkan ló yí padà, fíìmù méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì jáde níbẹ̀. Kí ẹni tó ní etí kò ni sinimá wá ṣàlàyé èyí fún mi.

Mo mọ ibi tí ìkórìíra ohùn yìí ti wá. Ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Don LaFontaine, ọmọ ìpínlẹ̀ Minnesota, tí wọ́n ní ìpolówó tó sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ lé ní 5,000 kó tó kú lọ́dún 2008. Ohùn rẹ̀ jinlẹ̀, ó sì fẹ́ràn láti máa bẹ̀rẹ̀ pé nínú ayé kan tí nǹkan báyìí ti ń ṣẹlẹ̀. Ó pẹ́ títí, ó di ẹ̀fẹ̀. Lọ́dún 2002, ìpolówó fíìmù Comedian fi irú ohùn bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, Hal Douglas tó wà nídìí iṣẹ́ náà gan-an ló sì wá fi ara rẹ̀ ṣẹ̀sín nínú rẹ̀. Lọ́dún 2013, olùdarí fíìmù kan tó ń jẹ́ Lake Bell fi gbólóhùn tí LaFontaine fẹ́ràn yẹn sọ orúkọ odidi fíìmù kan. Ta ni yóò tún fẹ́ fi ohùn sínú ìpolówó lẹ́yìn gbogbo ẹ̀rín yìí?

Àwa náà ní tiwa. Láyé àwọn eléré orí ìtàgé, ọkọ̀ wọn á máa yí ìlú ká pẹ̀lú gbohùngbohùn, ẹnì kan á máa kéde pé alẹ́ òní ni, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ròyìn rẹ̀ fún yín. Nígbà tí fídíò dé, ìkéde náà wọnú kásẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá ra fíìmù ní ọjà Ìdúmọ̀tà láyé ìgbà náà mọ̀ pé ìpolówó lọ́tùn-ún lósì ló máa kọ́kọ́ wò, ohùn ọkùnrin kan náà ló sì máa ń wà nínú wọn, tí yóò máa dún bíi pé inú kànga ló ti ń sọ̀rọ̀. Ó ń pe orúkọ òṣèré kọ̀ọ̀kan, ó ń ní fíìmù ọdún ni, ó ń ní ẹ sáré lọ ra tiyín. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nígbà náà, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n alárinà ni. Òun kọ́ ni wọ́n lé jáde nílé ọkọ, òun kọ́ ni wọ́n gba ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Bó ṣe polówó fíìmù ẹkún náà ló ṣe polówó ti ẹ̀rín.

Nígbà tí wọ́n ń lé alárinà yìí jáde, wọ́n lé ẹlẹ́jọ́ mọ́ ọn. Ibẹ̀ ni àṣìṣe wà. Ohùn àjèjì tó ń fi ọjà hàn wá àti ohùn ẹ̀dá ìtàn tó ń ro ẹjọ́ ara rẹ̀, ìlà kan náà kọ́ ni wọ́n wà.

Ìtàn tí ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí ń fẹnu ara rẹ̀ sọ kì í sì í ṣe ohun tí a yá lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Lọ́dún 1929, Isaac B. Thomas bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìtàn Sẹ̀gilọlá jáde nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó. Lẹ́tà ni, tí obìnrin kan tí àìsàn ti dá gúnlẹ̀ ń kọ sí olóòtú, tó ń ka ìgbésí ayé rẹ̀ fún un bí ó ti gbé e lọ́dọ̀ àwọn ọkùnrin. Èmi báyìí, èmi báyìí, ni gbogbo rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kà á nígbà náà gbà pé obìnrin náà wà láàyè, pé ó wà ní kọ̀rọ̀ kan ní Èkó tó ń jẹ̀rora. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ló sì ń mú wọn retí èyí tó tẹ̀ lé e. Bí a bá ní ká sọ òótọ́, trailer ni gbogbo wọn. Lọ́dún 1938, D. O. Fágúnwà ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ọdẹ kan tó ń jẹ́ Àkàrà-Ògùn: ọdẹ náà wá bá òǹkọ̀wé, ó ní kó mú ìwé àti gègé, kó máa kọ ohun tí ojú òun rí sílẹ̀. Fágúnwà lè fẹnu ara rẹ̀ sọ ìtàn Igbó Irúnmalẹ̀ fún wa. Ó mọ̀ pé a kò ní gbà á gbọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó kọ ohùn sílẹ̀ a máa fi Blade Runner ṣẹ́rìí. Nígbà tí fíìmù náà jáde lọ́dún 1982, ohùn Harrison Ford ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ lẹ́yìn àwòrán. Nígbà tí wọ́n tún un gbé jáde lọ́dún 1992 bí olùdarí rẹ̀, Ridley Scott, ṣe fẹ́ ẹ, wọ́n ti yọ ohùn náà kúrò, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ní èyí ló dára jù. Èmi náà gbà pé ó dára jù. Ṣùgbọ́n kí ni ohùn yẹn ń ṣe? Ó ń sọ ohun tí ojú wa ti rí fún wa. Ohùn tó bá ń ka àwòrán sókè yẹ kó lọ. Ẹ má tìtorí rẹ̀ dá gbogbo ohùn lẹ́bi, torí pé ẹni tó bá yọ ohùn Ray Liotta kúrò nínú Goodfellas, tàbí ohùn Morgan Freeman kúrò nínú The Shawshank Redemption, kò tún fíìmù ṣe, ó bà á jẹ́ ni.

Wọ́n tún ní ohùn máa ń tú àṣírí ìtàn. Ọ̀rọ̀ yìí pa mí lẹ́rìn-ín, nítorí nínú ìpolówó mẹ́ta tí mo ní kí ẹ wò lẹ́ẹ̀kan, tí ẹ ti rí òkú àti sàréè rẹ̀, kò sí ohùn ẹ̀dá ìtàn kankan lẹ́yìn àwòrán níbẹ̀. Àwòrán kò mọ àṣírí pa mọ́. Bí ẹ bá ti fi posí hàn, ẹ ti fi hàn. Ẹnu ló mọ bí a ṣe ń sọ ìdajì.

Ẹ̀sùn kan ṣoṣo wà tí mo gbà pé ó wúwo, òun náà ni pé ohùn inú ìpolówó lè jẹ́ irọ́. Wọ́n lè kọ ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú fíìmù rárá, kí òṣèré kà á, kí wọ́n fi fa èèyàn wọlé. Ó ṣẹlẹ̀ sí Rogue One lọ́dún 2016: ọ̀rọ̀ tí ẹ̀dá ìtàn Forest Whitaker ń sọ lẹ́yìn àwòrán nínú ìpolówó, tó ń bi ọmọbìnrin inú ìtàn léèrè ohun tí yóò dà bó bá ń jà lọ, a kò gbọ́ ọ nígbà tí fíìmù jáde. Inú àwọn èèyàn kò dùn sí i. Ṣùgbọ́n nínú ìpolówó mìíràn fún fíìmù kan náà, àwòrán kan wà níbi tí ọmọbìnrin yẹn ti kojú ọkọ̀ òfuurufú àwọn ọ̀tá lórí afárá. Àwòrán náà gbajúmọ̀ gan-an, òun náà kò sì sí nínú fíìmù. N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni tìtorí èyí ní kí a má fi àwòrán sínú ìpolówó mọ́. Ẹni tó fẹ́ purọ́ kò ṣaláìrí ohun tí yóò fi pa á. Òògùn rẹ̀ kò le: ẹ kọ ohùn náà sínú fíìmù láti ìbẹ̀rẹ̀.

N kò sọ pé gbogbo ohùn ló dára. Èyí tó dára máa ń ní ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, nígbà tí Marvel gbé ìpolówó Avengers: Endgame jáde, ẹ̀dá ìtàn tó ń jẹ́ Tony Stark ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó jókòó nínú ọkọ̀ tó bàjẹ́ sí òfuurufú, ó ń gba ohùn ara rẹ̀ sínú àṣíborí irin rẹ̀ fún Pepper, obìnrin rẹ̀. Oúnjẹ ti tán, omi ti tán, atẹ́gùn yóò tán láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Kò bá àwa òǹwòran sọ̀rọ̀ rárá. Pepper ló ń bá sọ̀rọ̀, àwa kàn ń tẹ́tí sí i ni. Ilé iṣẹ́ náà ní ìgbà 289 mílíọ̀nù ni wọ́n wo ìpolówó yẹn láàárín wákàtí 24. Fíìmù tí gbogbo ayé ti ń retí ni, n kò ní kí ẹ gbà pé ohùn nìkan ló fà á. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tó ní owó tó lè ra irú ariwo tó bá wù ú yàn láti fi ohùn rírẹlẹ̀ ọkùnrin kan tó ń kú lọ bẹ̀rẹ̀. Àwa tí a kò ní owó ariwo gan-an ló wá ń ra ariwo.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí èdè, nítorí ibẹ̀ ló ti dùn mí jù. Kí ló mú kí a fẹ́ràn Saworoidẹ, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ tí Túndé Kèlání sì darí lọ́dún 1999? Àwòrán rẹ̀ dára, àmọ́ ẹ bi ẹni tó wò ó léèrè, ẹnu Ọ̀pálábà ni yóò kọ́kọ́ mẹ́nu bà, bí Adébáyọ̀ Fálétí ṣe jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó ń wo ìlú Jogbo bó ti ń bàjẹ́, tó ń fi òwe gún àwọn ìjòyè lára. Ìdajì ọrọ̀ fíìmù Yorùbá, ẹnu ló wà. Bí òṣèré wa ṣe ń fa ọ̀rọ̀ gùn, ibi tó ti máa dánu dúró, bí ará Ìjẹ̀ṣà ṣe ń sọ ọ́ tí ará Ẹ̀gbá kò fi ní sọ ọ́ bẹ́ẹ̀: nǹkan wọ̀nyí ni ará ilé ń ròyìn fúnra wọn lẹ́yìn tí fíìmù bá tán. A wá dé ìdí ìpolówó, a fi ìlù tí wọ́n lù sílẹ̀ ní ilẹ̀ òkèèrè bo gbogbo rẹ̀, kí fíìmù wa lè jọ ti àwọn tí kò ní irú ẹnu bẹ́ẹ̀.

Kò sì náni ní nǹkan kan. Ẹ wá yàrá tí kò ní ariwo, ẹ pa jẹnẹrétọ̀, ẹ pa fáànù, ẹ jẹ́ kí òṣèré jókòó, kó ka gbólóhùn mẹ́fà tàbí méje tí òǹkọ̀wé eré náà fúnra rẹ̀ kọ. Kó má pariwo. Kó sọ ọ́ fún ẹnì kan tó mọ̀: ọmọ rẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó dà á, bàbá rẹ̀ tó ti kú. Kó dánu dúró níbi tí ọ̀rọ̀ ti ku díẹ̀.

Ẹ̀yin ẹ́dítọ̀ tí ẹ ṣì rò pé mò ń jà fún ohun àtijọ́, ẹ dán an wò lórí fíìmù tó wà nílẹ̀ yín báyìí. Ẹ gé ìpolówó rẹ̀ bí ẹ ṣe máa ń gé e, ẹ wá tún un gé pẹ̀lú ohùn ẹni tí ìtàn náà ṣẹlẹ̀ sí, ẹ gbé méjèèjì sórí YouTube lọ́jọ́ kan náà bí àwọn Man of Steel ti ṣe, kí ẹ sì ka ohun tí àwọn òǹwòran bá kọ sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan.